Àkọsílẹ̀ Ìlera Lórí Kọ̀ǹpútà: Ó Dáa Kó Dé, Ṣùgbọ́n Kó Ní Kọ́kọ́rọ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti àsẹ́ḿbílì. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí a wọlé támù yìí, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa sọ pé láìpẹ́, sick bay yóò fi ìwé gbọọrọ orí tábìlì yẹn sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọn yóò máa fi ṣe àkọsílẹ̀ ìlera gbogbo wa. Nígbà tí ó di ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ó dáa, àwọn kan ní kò dáa. Ariwo pọ̀ débi pé agogo prep lù kó tó kàn mí láti sọ̀rọ̀. Ohun tí mi ò ráyè sọ lọ́jọ́ náà ni mo jókòó kọ síbí.

Èrò tèmi rèé: kí kọ̀ǹpútà máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó ni ara sì lè mọ ẹni tó ń ṣí i. Bí a ò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ jẹ́ ká ṣì dúró ná.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo kàn ń sọ̀rọ̀ lásán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ ara tèmi ni mo máa sọ, torí ọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn kì í ṣe tèmi láti sọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, Ògbómọ̀ṣọ́ la ṣì ń gbé. Mo ṣàìsàn, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwòsàn kan, wọ́n sì fún mi ní oògùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ojú mi ti wú, ètè mi ti bó, gbogbo ara ń yún mi bíi pé èèrà ń jẹ mí. Dókítà ní oògùn tó ní sulfa nínú ni ara mi kò gbà. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún mi ní irú rẹ̀ mọ́. Ìyá mi dúpẹ́, a lọ sílé.

Fáìlì yẹn dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ò dúró. Iṣẹ́ bàbá mi gbé wa wá sí òkè Ọya. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo wọ ilé-ìwé yìí.

Ní JSS 1, támù kejì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru mú mi lóru. Mátírọ́nì gbé mi lọ sí sick bay. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ti mú oògùn kan jáde, ni wọ́n bá bi mí pé ṣé oògùn kankan wà tí ara mi kì í gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní èwo ni? Mo ní mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n pe ìyá mi lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì wa kò gbọ́ Yorùbá, Nupe ni wọ́n. Jìnnìjìnnì sì ti bá ìyá mi débi pé Gẹ̀ẹ́sì sá lẹ́nu wọn. Bí mo ṣe di inú mú ni mo ń ṣe ògbufọ̀. Ìyá mi ní, "Oògùn funfun ni. Ó tóbi díẹ̀. Ó ní ìlà láàárín." Mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, wọ́n ní kí n wò ó. Ẹ̀yin ará, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo oògùn tó wà níbẹ̀ ló funfun, tí wọ́n sì ní ìlà láàárín!

Ọlọ́run bá wa ṣe é, nọ́ọ̀sì yẹn ní sùúrù. Wọ́n dá oògùn tí wọ́n mú jáde padà, wọ́n ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà nìkan ni kí n máa mu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tètè mọ́. Láàárọ̀, bàbá mi pe ilé-ìwòsàn tó tọ́jú mi. Wọ́n ní kí wọ́n mú nọ́ńbà káàdì wá. Bàbá mi kò mọ nọ́ńbà káàdì. Wọ́n wá orúkọ mi títí, wọ́n ní fáìlì àwọn ọdún yẹn ti kúrò ní yàrá tó wà tẹ́lẹ̀, àwọn ò rí i. Àǹtí mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló gba ilé ìyá mi àgbà lọ, tí wọ́n tú àpótí, tí wọ́n rí ìwé tí dókítà fún wa nígbà tí a ń lọ sílé. Abẹ́ aṣọ òkè ló wà. Wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp, ìyá mi fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n kà á: sulfa. Nọ́ọ̀sì wo fóònù, wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Oògùn tí wọ́n ti mú jáde lóru, tí wọ́n dá padà, òun gan-an ni.

Fọ́tò yẹn ni àkọsílẹ̀ ìlera orí ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi. Ó wúlò fún mi gidi.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n fi fọ́tò náà sórí WhatsApp ẹbí wa, kí gbogbo ènìyàn lè tọ́jú rẹ̀, kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ènìyàn 43 ló wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ibi tí dókítà kọ sulfa sí, wọ́n tún kọ nǹkan mìíràn tó ń ṣe mí nígbà náà. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe àrùn tó ń ran ènìyàn, ó sì ti tán lára mi. Ṣùgbọ́n tèmi ni. Nígbà tí a lọ sílé fún Kérésì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fi sọ mí lórúkọ níwájú gbogbo àwọn ọmọ ilé. Títí di òní, orúkọ yẹn ló fi ń pè mí. Ìyá mi ní àwọn ò rò ó débẹ̀, wọ́n sì pa fọ́tò náà rẹ́ nínú fóònù tiwọn. Ti àwọn 42 yòókù ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Fọ́tò náà kì í ṣeé kó.

Ẹ ò rí i pé fọ́tò kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì. Ohun tó gbà mí náà ló dójú tì mí. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sọ pé kọ̀ǹpútà dáa kí n sì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ pé kò dáa kí n sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ire.

Àkọ́kọ́, àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀lé ènìyàn. Bébà kò lẹ́sẹ̀. Ẹ wo àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí: ilé ẹlòmíràn wà ní Ìlọrin, ti ẹlòmíràn wà ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́, Kàbà tàbí Èkó. Ibi tí wọ́n bí wa sí kọ́ la ti ń kàwé, ibi tí a ti ń kàwé kọ́ la ó ti ṣiṣẹ́. Gbogbo ibi tí a bá ti ṣàìsàn, a máa ń fi fáìlì kan sílẹ̀ níbẹ̀, bí adìẹ ṣe ń fi ìyẹ́ sílẹ̀ káàkiri àgbàlá. Kò sí dókítà tó rí odidi adìẹ. Bí àkọsílẹ̀ bá wà lórí kọ̀ǹpútà, tí àwọn ilé-ìwòsàn sì gbà láti so ó pọ̀, dókítà ìlú yìí lè rí ohun tí dókítà Ògbómọ̀ṣọ́ fi bírò pupa kọ. Ẹ kíyè sí ibi tí mo ti ní "tí wọ́n bá gbà" o. Kọ̀ǹpútà méjì tí kò mọ ara wọn kò sàn ju fáìlì méjì lọ.

Ẹ̀kejì, ó ṣeé kà. Ẹ̀yin náà ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn dókítà kan rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kọ̀ǹpútà lè kìlọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ oògùn sulfa síwájú orúkọ mi, ó lè sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé má fún ọmọ yìí. Bébà kì í pariwo. Inú fáìlì ló máa wà tí yóò máa wo yín.

Ẹ̀kẹta, ó ṣeé ní ẹ̀dà sí ibòmíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà, omi sì bo ìlú New Orleans. Fáìlì bébà àìmọye aláìsàn bá omi lọ. Ṣùgbọ́n àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé-ìwòsàn tiwọn tí ìjọba kọ́ fún wọn, ibẹ̀ sì ti ń lo kọ̀ǹpútà tipẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn lọ sí Houston. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, dókítà tó wà ní ìlú mìíràn ti ń rí i pé oògùn báyìí báyìí ni bàbá tó sá wá yìí ń lò.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau ya nítòsí Maiduguri. Omi wọ ìlú, ó wọ ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Maiduguri pàápàá. Nígbà tí mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ rò. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé, ìwé wọn ńkọ́? Tí aláìsàn bá bọ́ lọ́wọ́ omi, tí fáìlì rẹ̀ kò bọ́, ta ni yóò sọ fún dókítà tuntun pé ẹni yìí ní ìtọ̀ ṣúgà?

Ẹ̀kẹrin, kọ̀ǹpútà mọ ìṣirò. Ká ní ọmọ mẹ́wàá láti họ́stẹ́lì kan náà gbé ìgbẹ́ gbuuru wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ìwé gbọọrọ, ìlà mẹ́wàá ni, wọ́n á fọ́n ká sáàárín ibà, ẹ̀fọ́rí àti ẹsẹ̀ tó rọ́ ní pápá bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó máa kà wọ́n pọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀sì lè tètè rí i pé omi táńkì họ́stẹ́lì yẹn ló yẹ ká lọ wò. Tó bá jẹ́ kọ́lẹ́rà ni, títètè rí i yẹn lè gba ẹ̀mí là.

Ó ti tó. Tibi tire la dá ilé ayé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi náà.

Iná ni àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí òkè Ọya bàjẹ́, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì wà nínú òkùnkùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe òkè Ọya nìkan o. Láti ìparí ọdún yẹn wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, UCH Ìbàdàn tí gbogbo wa mọ̀ kò rí iná ìjọba lò fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo, ìwé gbọọrọ ṣeé kà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò ṣeé kà pẹ̀lú ohunkóhun.

Èkejì ni àwọn ọ̀daràn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé. Ó máa ń ti kọ̀ǹpútà pa, á ní kí olówó rẹ̀ wá sanwó kó tó ṣí i. Ní England, ó kéré tán, àjọ ìlera 80 nínú 236 ló kó sínú wàhálà yìí. Àwọn dókítà padà sí bébà àti bírò, wọ́n sì ní kí àwọn aláìsàn kan máa lọ sílé. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti oṣù kẹta. Àwọn kọ̀ǹpútà náà kò tíì gbà á ni. Ẹ ò rí i pé ríra kọ̀ǹpútà kọ́ ni iṣẹ́, títọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́. Gbogbo wa ló mọ bí kọ̀ǹpútà inú láàbù wa ṣe wà. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni àṣírí. Ní Finland, ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Vastaamo, níbi tí àwọn ènìyàn tí ọkàn wọn dàrú ti ń lọ bá àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n jí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀daràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn aláìsàn fúnra wọn pé bí wọn ò bá sanwó, òun á tú ohun tí wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀ síta. Àkọsílẹ̀ ènìyàn tó lé ní 30,000 ni. Tèmi, ènìyàn 43 ló rí i, mo sì mọ bó ṣe rí lára mi. Bí a bá gé igi nígbó, ká fọ̀rọ̀ ro ara wa wò.

Ẹ̀kẹrin ni àṣìṣe. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá tẹ AA fún ọmọ tó jẹ́ SS, gbogbo ibi tí àkọsílẹ̀ náà bá dé ni irọ́ náà máa bá a dé. Nínú fáìlì, irọ́ kan máa ń jókòó sí ibì kan ni. Lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ìyẹ́.

Ẹ̀karùn-ún kéré, ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà ní kí n má gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ní dókítà tó tọ́jú àwọn gbẹ̀yìn kò wo ojú àwọn rárá, kọ̀ǹpútà ló ń wò, ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Wọ́n wá bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé èmi ni mò ń ṣàìsàn ni, àbí tẹlifíṣọ̀n yẹn?"

Mo fẹ́ dá àwọn tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àríyànjiyàn lóhùn.

Ẹnì kan ní bébà sàn jù, torí pé a lè fi págádówó tì í. Òótọ́ ni pé ó ṣeé tì. Ṣé a ń tì í? Ìwé gbọọrọ wa ní sick bay, orí tábìlì ló ń sùn, orí tábìlì ló ń jí. Bí o bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ, wàá kọ́kọ́ ka ti ẹni tó ṣáájú rẹ: orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀, ohun tó ń ṣe é, oògùn tí wọ́n fún un. Mo ti rí àwọn ọmọ tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n, tí wọ́n wá "gba Panadol" kí wọ́n lè ka ìwé yẹn. Mo mọ ọmọ kan tó ń gbé ìrora rẹ̀ mọ́ra ní họ́stẹ́lì torí pé kò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí gbogbo kíláàsì máa kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bébà ṣe ẹni mímọ́.

Ẹlòmíràn ní ti òyìnbó ni nǹkan yìí, kò bá wa mu. Mo bẹ̀ ọ́, arákùnrin, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ní Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé-ìwòsàn rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará Kuopio ní Finland ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. A kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa kékeré nígbà náà. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, a kàn rìn díẹ̀ lórí ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ni ti sẹ́níọ̀ kan tó ní, "Ọmọdé ni yín, kí lẹ ní tí ẹ fẹ́ fi pamọ́?" Sẹ́níọ̀, ẹ má bínú o. Ọmọdé ló ń gbé nínú họ́stẹ́lì pẹ̀lú ogójì ènìyàn. Àgbàlagbà tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ níbi iṣẹ́ á lọ sílé lálẹ́. Àwa, ilé wa ni ibi tí wọ́n ti tú u. Orúkọ tí wọ́n bá sọ ọ́ ní JSS 1 lè tẹ̀lé ọ dé SS 3. Òfin pàápàá mọ èyí. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, àfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn tó gba ìṣọ́ra jù. Kò síbi tí wọ́n ti ní ó di ìgbà tí ènìyàn bá pé ọmọ ọdún 18 kó tó ní àṣírí.

Kí wá ni ká ṣe? Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà, Estonia ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ní àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà tó kan gbogbo ìlú. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé aláìsàn fúnra rẹ̀ lè wọlé wo orúkọ ẹni tó ṣí àkọsílẹ̀ òun. Tí dókítà tí kò kàn án bá yọjú síbẹ̀, ojú ẹ̀ á hàn. Ìyẹn ni mo pè ní kọ́kọ́rọ́. Kò ní kí ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn má wọlé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yọ́ wọlé.

Mo wá bẹ ọ̀gá àgbà wa àti àwọn nọ́ọ̀sì wa pé, bí kọ̀ǹpútà bá ń bọ̀:

Kí ìwé gbọọrọ yẹn kúrò lórí tábìlì láti òní lọ. Èyí kò gba kọ̀ǹpútà, kò gba owó. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kí nọ́ọ̀sì máa kọ ọ́, kí wọ́n sì máa pa á dé.

Kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní password tirẹ̀, kí wọ́n má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri bíi ti láàbù. Kí wọ́n má ṣe fún prefect, kódà bí prefect náà bá jẹ́ ọmọ dáadáa. Kí ọmọ tó bá béèrè lè mọ ẹni tó ṣí tirẹ̀.

Kí káàdì kékeré wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tí wọ́n ń tì, fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Ohun márùn-ún péré ni kó wà níbẹ̀: orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀ àti jẹ́nótáìpù, àìsàn tó lè dé lójijì bí ikọ́ fée, oògùn tí ara kò gbà, àti nọ́ńbà fóònù òbí. Ohun tó lè gba ẹ̀mí là nìkan. Ìlà kejì tó wà nínú ìwé tèmi kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí etí wa kí wọ́n tó pa á dé, kí àṣìṣe má bàa ní ìyẹ́.

Nígbà tí a bá sì ń jáde ní SS 3, kí wọ́n fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìlera wa lé wa lọ́wọ́ pẹ̀lú testimonial. Ọdún mẹ́fà ni a ó lò níbí. Kò yẹ kí ọdún mẹ́fà ara wa dúró sílé-ìwé nígbà tí àwa bá ti lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń pàṣẹ fún àgbà. Rárá o, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi lóru ọjọ́ yẹn kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní fáìlì mi, kò gbọ́ èdè ìyá mi. Sùúrù nìkan ni wọ́n ní. Mo fẹ́ kí ẹni tó ní irú sùúrù yẹn ní irinṣẹ́ tó dáa lọ́wọ́, torí kì í ṣe gbogbo òru ni sùúrù á tó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà. Ní Sátidé yìí tí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ mátírọ́nì láti pe ilé, kí ẹ tó béèrè owó àti gààrí, ẹ bi ìyá yín pé: "Mọ́mì, oògùn wo ni ara mi kì í gbà? Kí ni jẹ́nótáìpù mi?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ́ ọ sórí. Tèmi, mo ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá pe orúkọ rẹ̀ fún yín. Mi ò tún jẹ́ sọ pé oògùn funfun ni mọ́ láé.

Ire o.